Yanrìn Tí Mi Ò Tọ́ Wò

Ahọ́n ni birikilà Ọ̀jọ́ fi ń yẹ yanrìn wò. Bí wọ́n bá ti da yanrìn sílẹ̀ fún un, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò fi ìka méjì mú díẹ̀, yóò fi í sórí ahọ́n, yóò panu dé díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò tu ú dànù. Bí iyọ̀ bá wà nínú rẹ̀, yóò fi ẹsẹ̀ ti òkìtì náà, oníyanrìn yóò sì mọ̀ pé kí òun kó ẹrù òun. Bí kò bá sí iyọ̀, yóò mi orí. Láti ìgbà tó bá ti mi orí ni yanrìn ti di tirẹ̀. Bí ògiri bá bà jẹ́ lọ́la, a kì í bi oníyanrìn. Birikilà là ń bi, nítorí òun ló fi ẹnu kàn án.

Ará ibòmíràn lè rò pé àwàdà ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ibi tí Ọ̀jọ́ wà yóò gbà mí gbọ́. Ọ̀sà ló wà níwájú wa, òkun wà lẹ́yìn ọ̀sà, àwọn méjèèjì sì ń bá ara wọn ṣe wọlé-wọ̀de. Ní àkókò òjò, omi tó ń ṣàn bọ̀ láti apá Ìbà a máa ti omi òkun sẹ́yìn, yanrìn ìsàlẹ̀ ọ̀sà a sì dára fún ilé kíkọ́. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, òkun a tún padà wọlé, iyọ̀ a sì wọnú yanrìn. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, torí funfun kan náà ni wọ́n. Ahọ́n nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Bàbá ìyàwó mi ló kọ́ mi ní èyí. Òun ni oníyanrìn tí gbogbo wa mọ̀ nígbà náà, láti etí omi Ọ̀jọ́ títí dé Ìbà àti Òkòkómáíkò, tó jẹ́ pé oko àti igbó ló pọ̀ jù níbẹ̀ láyé ọjọ́un. Inú ọ̀sà ló ń bọ́ sí. Yóò so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ òpó, yóò mú agbọ̀n, yóò rì, yóò sì pẹ́ lábẹ́ omi débi pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò ti máa wá ẹni tí yóò ké sí. Omi ti bá etí rẹ̀ jẹ́. Bí èèyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹnu onítọ̀hún ló máa ń wò. Ṣùgbọ́n kò sí birikilà kan tó tu yanrìn rẹ̀ dànù rí, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti tọ́ ọ wò lórí omi kó tó gbé e wá.

Ibi tí mo ti ń ra yanrìn lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ti rí ọmọ rẹ̀. Òun ló máa ń bá a gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀. Àwọn èèyàn ilé wọn a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá rẹ̀ ló bí i, òun náà ló lóyún rẹ̀, nítorí kò sí ibi tí bàbá náà ń lọ tí kì í tẹ̀lé e. Nígbà tí mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà pé mo fẹ́ ọmọ rẹ̀, ohun tó wí kò ju pé ahọ́n mi dára, kí n má jẹ̀ẹ́ kó bà jẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mo pè é.

Nǹkan bí ọdún mẹ́rin kí a tó gba òmìnira ni iṣẹ́ bárékè dé. Àwọn ṣójà ní àgọ́ kan nítòsí wa, tí wọ́n fi pákó àti páànù kọ́ ní kánmọ́kánmọ́ nígbà ogun àwọn òyìnbó. Ikán ti jẹ ẹ́ tán. Wọ́n fẹ́ wó o, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù tún un kọ́. Wọ́n fi mí ṣe hẹ́dìmáànù àwọn tí yóò rẹ́ ògiri ilé ìwòsàn kékeré kan tí àwọn ìyàwó ṣójà yóò ti máa bímọ. Mo ń gbéra ga kiri bí ẹni tí wọ́n fi jọba. Mo ra fìlà tuntun. Èmi náà ni mo sọ fún fóòmáànù pé bàbá ìyàwó mi ni kó máa kó yanrìn wá, ó sì gbà.

Fóòmáànù yìí wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó gbọ́ èdè òyìnbó, ó máa ń wọ bàtà wá sí ibi iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní tí yanrìn dé, mo bẹ̀rẹ̀, mo mú díẹ̀, mo fi sẹ́nu. Mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn mi. Ó ń pe àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kó wá láti Èkó pé kí wọ́n wá wo hẹ́dìmáànù tó ń fi yanrìn jẹun àárọ̀, ó ní ṣé ìyàwó kò dáná nílé ni. Òyìnbó ṣójà tó ń bójú tó iṣẹ́ náà dúró nítòsí. Ó bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Fóòmáànù túmọ̀ rẹ̀ fún un, òyìnbó náà sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ni àwọn àgbà wí. Mo ti rò ó títí, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe fún irú mi. Ẹ̀sín díẹ̀ ni, kò ju ti ọjọ́ kan lọ, ó sì yẹ kí n gbé e mì. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fi yanrìn kan ẹnu mọ́ ní bárékè. Bíi ti fóòmáànù ni mo wá ń ṣe. Èmi náà a bu ú sí àtẹ́lẹwọ́, màá fi àtàǹpàkò rún un, màá wò ó bí ẹni tó mọ̀wé, màá sì mi orí. Gbogbo ìgbà òjò ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, nítorí yanrìn dára nígbà náà. Orí ló ń bá mi ṣe é, mo sì rò pé ọgbọ́n mi ni.

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Ògiri inú ilé ìwòsàn nìkan ló kù láti rẹ́, wọ́n sì sọ pé ọ̀gá ṣójà kan ń bọ̀ wá wò ó. Fóòmáànù ń kánjú, èmi náà ń bá a kánjú. Bàbá ìyàwó mi wá bá mi, ó ní ọ̀sà ti yí padà, òun fẹ́ lọ wa yanrìn nínú odò apá Ìbà, yóò sì gba ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kò sáyè fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kó wa ti ọ̀sà wá. Ó wo ẹnu mi dáadáa, bóyá òun kò ṣì mí gbọ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ kedere.

“Mo gbọ́. Màá wa á wá. Ṣùgbọ́n tọ́ ọ wò kó o tó pò ó. Bí kò bá dáa, ẹ fi kún ilẹ̀, mi ò ní bínú.”

Nígbà tó gbé e dé, fóòmáànù àti òyìnbó wà níbẹ̀. Bàbá da yanrìn náà sílẹ̀, ó ṣí fìlà, ó sì dúró. Ó ń dúró de ahọ́n mi, gẹ́gẹ́ bí oníyanrìn ṣe máa ń dúró. Mo bu ú sí àtẹ́lẹwọ́, mo rún un, mo mi orí. Kò kúrò. Mo tún mi orí, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo sì yíjú sí àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n gbé sìmẹ́ńtì wá. Ìgbà tí mo wẹ̀yìn, ó ti dé fìlà rẹ̀ padà, ó ń lọ sídìí ọkọ̀.

A rẹ́ ògiri náà. Ó dán, a fi ẹfun kùn ún, ọ̀gá ṣójà wá, ó wò ó, ó sì lọ. Wọ́n yìn mí. Mo délé lọ́jọ́ náà, mo ní kí ìyàwó mi pa adìyẹ. Oyún wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ó sì ń dùn mọ́ ọn pé ọkọ òun àti bàbá òun ni wọ́n jọ kọ́ ilé tí àwọn obìnrin yóò máa bímọ sí.

Òjò àkọ́rọ̀ ló tú àṣírí. Ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ẹfun ń bó, ohun funfun kan ń yọ láti inú ògiri bí ìyẹ̀fun, bí a bá nù ún lónìí, yóò tún yọ lọ́la. Lọ́jọ́ kan, odidi abala kan ya lulẹ̀ nínú yàrá tí ìyàwó ṣójà kan wà pẹ̀lú ọmọ ọjọ́ méjì. Ẹ̀gbẹ́ ẹní ló balẹ̀ sí. Ọlọ́run ló yọ wá, kò kan ọmọ náà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ké débi pé a gbọ́ ọ níbi tí a ti ń gé búlọ́ọ̀kù.

Wọ́n kó gbogbo wa jọ sínú yàrá náà. Bàbá ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ já yanrìn òmíràn sílẹ̀ ní etí omi, wọ́n ní kí òun náà wá. Òyìnbó wo ògiri náà títí. Ó fi ìka kan ohun funfun náà, ó sì fi ìka sẹ́nu. Ó tọ́ ọ wò níwájú gbogbo wa, ó tutọ́, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Òun tí mo torí ojú rẹ̀ kọ̀ láti fi ẹnu kan yanrìn, òun ló ń lá ògiri yìí.

Fóòmáànù bi mí pé ta ló yẹ yanrìn wò. Ẹ̀rù ń ba òun pàápàá, nítorí òun náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí mo bá sọ òtítọ́, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ni pé wọn yóò lé mi kúrò nípò hẹ́dìmáànù, bóyá wọn yóò lé mi kúrò ní bárékè pátápátá. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ń bẹ láti kọ́ ní Ìbà, ilé ń bẹ ní Òkòkómáíkò. Ebi kò ní pa wá. Mo mọ gbogbo èyí níbi tí mo dúró sí, síbẹ̀ mo la ẹnu mi.

“Mo tọ́ ọ wò, kò sí iyọ̀ níbẹ̀. Bóyá òkè òkìtì ló dáa, tí abẹ́ rẹ̀ kò dáa.”

Bóyá yẹn ni mo fi ń tan ara mi jẹ láti ọjọ́ náà. Mo máa ń sọ fún ara mi pé mi ò pe ẹnikẹ́ni ní olè, bóyá ni mo wí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tí fóòmáànù ń túmọ̀ rẹ̀ fún òyìnbó, mo gbọ́ ìwọ̀nba èdè wọn tó láti mọ̀ pé kò sí bóyá nínú ohun tó sọ. Ohun tó sọ ni pé bàbá yìí fi yanrìn rere bo ti oníyọ̀ mọ́lẹ̀. Mi ò sì dá a dúró.

Ó yíjú sí bàbá, ó kígbe sí i létí, ó ní ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí. Bàbá kò wo ẹnu fóòmáànù. Ẹnu mi ló ń wò, bí ẹni tó ń retí kí n tún ọ̀rọ̀ sọ. Èmi ń wo ògiri. Ó wá fèsì.

“Bí ọkọ ọmọ mi bá ní òun tọ́ ọ wò, ó tọ́ ọ wò.”

Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Létí fóòmáànù, ó ti jẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé aṣọ ló fi bò mí níbi tí mo ti bọ́ tirẹ̀. Kò fẹ́ já ọkọ ọmọ rẹ̀ sí ìhòòhò lójú àwùjọ. Wọ́n ní kó má tún gbé ẹsẹ̀ dé bárékè mọ́, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde láì wẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ ti dé Ọ̀jọ́ kí n tó délé. Ká ní wọ́n gbọ́ pé yanrìn lásán ló bà jẹ́ ni, wọn ì bá bi mí, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Ṣùgbọ́n a-fi-rere-bo-búburú kò sí nínú àṣà. Ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni. Àwọn birikilà tó ti ń ra yanrìn lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe wọn wá ń ti ọwọ́ bọ abẹ́ òkìtì lójú rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á, àwọn míì ò tilẹ̀ dá a lóhùn mọ́. Kò pẹ́ tó fi dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé sábẹ́ igi àgbọn, ó jókòó tì í, ó ń hun agbọ̀n tí kò sẹ́ni tó fẹ́ rà.

Ìyàwó mi kò sunkún nígbà tó gbọ́. Ó dúró tì mí títí mo fi jẹun tán, ó kó àwo, ó sì padà wá jókòó níwájú mi. Ó bi mí ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ lẹ tọ́ ọ wò?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dáa. Láti ọjọ́ yẹn, kò lọ sí etí omi mọ́ láti kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí ilé wa láti wádìí, òun ló dá wọn lóhùn kí n tó la ẹnu. Ó ní ọkọ òun kò lè purọ́ mọ́ bàbá òun, àti pé ojú ti òun pé bàbá òun lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ọkọ òun. Mo jókòó, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì ń wo ilẹ̀.

Ó bímọ ní oṣù méjì lẹ́yìn náà. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, bàbá rẹ̀ ló yẹ kó fi iyọ̀ sí ọmọ lẹ́nu, kò sì sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá pẹ̀lú agbádá rẹ̀ àtijọ́. Ó fi iyọ̀ kan ahọ́n ọmọ, ó ṣàdúrà pé kí ayé rẹ̀ dùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo iyọ̀ náà yí ká kí olúkúlùkù fi kan ẹnu. Ìyàwó mi tọ́ ọ wò láì wo ojú rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo na ọwọ́, ọwọ́ mi kò sì dé inú àwo. Ó dúró níwájú mi, gẹ́gẹ́ bó ṣe dúró ní bárékè lọ́jọ́ ọ̀hún. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé kí n tọ́ ọ wò, iyọ̀ ọmọ mi ni. Mo tọ́ ọ wò. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú rẹ̀, àwọn èèyàn sì rò pé ọpẹ́ ọmọ ni mò ń dá.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ẹnu mi ṣí, mo fẹ́ sọ ọ́, ẹnì kan sì bẹ̀rẹ̀ orin. Mo fi orin náà ṣe àwáwí fún ọdún mẹ́ta.

Ìgbà tó kú, èmi ni mo di sàréè rẹ̀. Birikilà ni mí, ọkọ ọmọ sì ni mí, kò sẹ́lòmíràn tí iṣẹ́ náà tọ́ sí. Ọ̀gbẹlẹ̀ tún ni. Mo rìn lọ sí odò apá Ìbà, mo fi ọwọ́ ara mi wa yanrìn, mo fi orí rù ú wá fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, iye ọjọ́ tí òun bẹ̀ mí pé kí n fún òun. Nínú àgbàlá rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú gbogbo ẹbí, mo kúnlẹ̀ síwájú òkìtì náà. Mo bu ti òkè, mo fi sẹ́nu. Mo bu ti àárín. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ pátápátá, mo bu ti ìsàlẹ̀, mo tọ́ ọ wò. Nígbà náà ni ẹkún gbé mi, mo sì sọ ọ́ jáde. Mo ní yanrìn Bàbá rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ní èmi ni mi ò tọ́ ọ wò.

Kò sẹ́ni tó gbà á bí mo ṣe sọ ọ́. Àgbà kan dì mí léjìká mú, ó ní ó tó, ọkọ ọmọ, ọkùnrin kì í sunkún báyìí. Àwọn obìnrin ń sọ fún ara wọn pé ẹ wo bó ti ń jẹ yanrìn nítorí ìbànújẹ́, pé ẹni tí bàbá ìyàwó rẹ̀ ṣe irú aburú yẹn sí, tó tún lè ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ báyìí, èèyàn rere ni. Wọ́n yìn mí níwájú sàréè rẹ̀, mo sì po sìmẹ́ńtì.

Ìyàwó mi dúró lápá kejì òkìtì náà, ọmọ wa wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun gbọ́ mi. Mo mọ̀ pé ó gbọ́ mi, nítorí pé kò sunkún mọ́ láti ìgbà náà títí tí a fi ṣe tán. A rìn wálé. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó sì wo ẹnu mi bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń wò ó.

“Mo bi yín nígbà yẹn,” ló wí. “Ẹ̀yin ni mo gbà gbọ́.”